Bí ẹ ṣe lè gba ọjọ́ láti rí dókítà n'Ìbàdàn, kí wọ́n má baà dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà

Lójoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń jí láago márùn-ún ìdájí, tí wọ́n ń wọ Mìkírà láti Mọ́níyà wá sáàárín ìlú, tí wọ́n ń tò sórí ìlà títí di aago mọ́kànlá, kí wọ́n tó gbọ́ pé dókítà tí àwọn ń wá kì í jókòó lọ́jọ́ Ajé. Ẹlòmíràn á gbọ́ pé láìsí lẹ́tà, òun ò lè wọlé. Ẹlòmíràn á dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un gan-an, wọn ò ní rí fáìlì rẹ̀, torí orúkọ tó fi gba káàdì kọ́ ló ń jẹ́ báyìí. Ìdájí jíjí ò lè tún ìkankan ṣe nínú ìwọ̀nyí. Kí èèyàn tó kúrò nílé ni ọjọ́ náà ti bàjẹ́: ẹ̀ka tí kì í ṣe tiẹ̀ ló ń lọ, ìwé rẹ̀ ò pé, tàbí kó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi dá ọjọ́ fún un, tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí bá ọsibítù ìjọba, ti ìjọ àti ti aládàáni mu.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná: ṣé ọ̀ràn yín lè dúró de ọjọ́?

Àwọn nǹkan kan wà tí wọn kì í gba ọjọ́ sí. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ibi pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn:

- Àyà tó ń dùn bíi pé wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e, pàápàá tí ìrora náà bá ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì ń bo èèyàn.
- Ẹnu tó ṣàdédé wọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ tó ṣàdédé rọ, tàbí ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu.
- Mímí tó nira, gìrì, tàbí ẹni tó dákú tí kò jí dáadáa.
- Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú.
- Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C, tàbí ọmọ tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò lè mu omi tàbí ọmú.
- Ejò tó bu èèyàn jẹ, ìjàǹbá ọkọ̀, májèlé.

Ti rọpárọsẹ̀ ló ń dùn mí jù, nítorí pé àdúrà àti àgbo ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń lo wákàtí àkọ́kọ́. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tí àmì náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ewu rẹ̀ lè ju èrè rẹ̀ lọ. Ẹ wo aago, ẹ kọ àkókò tí ẹnu wọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Nọ́mbà pàjáwìrì gbogbo Nàìjíríà ni 112.

Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ máa bá ìtọ́sọ́nà yìí lọ.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ wá fáìlì ike kan tàbí àpò kékeré, kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan:

- Orúkọ aláìsàn bó ṣe wà nínú NIN tàbí ìwé ẹ̀rí mìíràn, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀.
- Nọ́mbà fóònù méjì: ti aláìsàn, àti ti ẹni tí kì í pa fóònù.
- Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́mbà ìbátan kan. Wọn kì í ṣí káàdì láìbéèrè èyí.
- Káàdì àtijọ́, bí ẹ bá ti lọ síbẹ̀ rí, ì báà jẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.
- Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà tó ń darí yín, bí ẹ̀ka tí ẹ ń lọ bá ń gbà á (ìgbésẹ̀ kejì).
- Káàdì adójútòfò ìlera, bí ẹ bá ní in.
- Èsì àyẹ̀wò, ẹ́síréè àti síkáànù tí ẹ ti ṣe, láti orí èyí tó dé kẹ́yìn.
- Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, nínú páálí tàbí ìgò wọn. Àgbo náà wà níbẹ̀. Ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.
- Káàdì ATM àti owó díẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́, POS tàbí báǹkì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ POS lè kọ̀, ẹni tó ń ṣe fòtókọ́pì lẹ́nu géètì náà kò sì ní gba káàdì.
- Bírò tó ń kọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ilé tó kàn yín, ẹ sì mọ ẹ̀ka

Ibà, ikọ́, inú rírun, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ìtọ̀ ṣúgà tí oògùn ń mú: gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí kílíníìkì aládàáni tó sún mọ́ yín, tàbí ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní GOP ní ọsibítù ńlá. GOP ni ẹnu ọ̀nà tí ẹni tí kò tíì ní dókítà ń bá wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni. Ẹ má gbé ọmọ lọ tò sí UCH nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ní ìtòsí ilé yín.

Dókítà ọkàn, ti kíndìnrín, ti eegun, ti iṣan ọpọlọ, gbogbo ìwọ̀nyí ní ọjọ́ kílíníìkì tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ka kan lè jókòó lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá lọ lọ́jọ́ mìíràn kò ní bá ẹnikẹ́ni àfi nọ́ọ̀sì tó máa sọ ọjọ́ fún un, ọ̀rọ̀ tí fóònù ìṣẹ́jú méjì ì bá ti parí.

Orúkọ ibẹ̀ ló wá kù, òun ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà n'Ìbàdàn. Adéọ̀yọ́ méjì ló wà: Adéọ̀yọ́ Yemẹtu, tí ìtọ́jú aláboyún àti ọmọ ti gbajúmọ̀, àti ọsibítù ìjọba tó wà ní Ring Road, tí ará ìlú ń pè ní Adéọ̀yọ́ Ring Road. Ní Jẹ́ríkò, ọsibítù àwọn dókítà àkànṣe wà, Jericho Nursing Home náà tún wà lọ́tọ̀. Bí ẹnìkan bá ní "ọsibítù Kátólíìkì", ó lè jẹ́ Olúyọ̀rọ̀ ní Òkè-Ọ̀fà, ó sì lè jẹ́ St. Mary's ní Ẹlẹ́ta. Ẹ má gba "Adéọ̀yọ́" tàbí "Kátólíìkì" lásán lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè àdúgbò mọ́ ọn. Láti Yemẹtu dé Ring Road lójú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òwúrọ̀, ọjọ́ yín ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin aláboyún: ìforúkọsílẹ̀ yín kì í dúró de ìgbà tí ikùn bá yọ. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí aboyún ti rí oníṣègùn kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12, kó sì tó ìgbà 8 tó máa rí wọn kó tó bí. Ọjọ́ tí wọ́n ń forúkọ aboyún tuntun sílẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ọjọ́ tí àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ń wá. Ẹ béèrè méjèèjì.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti ṣe é:* ẹ lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láìfi nǹkan kan sílẹ̀ pé: "Ọsibítù báyìí, ní àdúgbò báyìí, ẹ̀ka báyìí, ọjọ́ báyìí ni wọ́n ń jókòó." Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣì sọnù, ẹ má tíì wọ ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: lẹ́tà rẹfẹ́rà àti kóòdù adójútòfò

Kílíníìkì àkànṣe ní UCH àti àwọn ọsibítù ńlá mìíràn kì í gba èèyàn láti òpópónà. Dókítà kan gbọ́dọ̀ ti rí yín kó sì kọ lẹ́tà. Ìwé tí oníkẹ́mísì kọ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni èsì láàbù nìkan kò tó, kódà kí ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ burú tó báwo.

Kí ẹ tó dìde níwájú dókítà tó ń kọ lẹ́tà yín, ẹ kà á. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí:

1. Orúkọ yín àti ọjọ́ orí, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé ẹ̀rí yín.
2. Orúkọ ẹ̀ka tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá kọ "UCH" nìkan, ẹni tó wà nídìí káàdì kò mọ ibi tí yóò darí yín sí, GOP ni yóò sì dá yín padà sí.
3. Ohun tó ń ṣe yín àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.
4. Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe àti oògùn tí wọ́n ti fún yín.
5. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí dókítà kejì ṣe.
6. Ọjọ́, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀.

Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni òǹtẹ̀. Ẹ béèrè fún un níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà, kí ẹ sì ṣe fòtókọ́pì méjì, torí ọsibítù tí ẹ ń lọ máa gba èyí tó jẹ́ ojúlówó sínú fáìlì.

Bí ẹ bá wà lábẹ́ adójútòfò, yálà ti ìjọba àpapọ̀ (NHIA), ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ (OYSHIA) tàbí HMO (ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera) tí ilé iṣẹ́ yín ń sanwó fún, ilé ìwòsàn tí ẹ yàn nígbà tí ẹ forúkọ sílẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń béèrè kóòdù lọ́wọ́ HMO kí ọsibítù kejì tó lè tọ́jú yín láìgba owó. Ẹni tó bá fo ìyẹn, tó lọ tààrà, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti sanwó, kò sì dájú pé wọ́n máa dá a padà. Nǹkan mẹ́ta ló ń bàjẹ́ níbí:

- Wọ́n fún yín ní kóòdù láti rí dókítà, ẹ rò pé ó kan síkáànù. Kóòdù síkáànù yàtọ̀.
- Ọsibítù tó wà lórí kóòdù kọ́ ni ẹ lọ.
- Ọjọ́ kóòdù ti kọjá. Ẹ béèrè ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ sì rí i pé ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà ṣáájú rẹ̀.

Lábẹ́ ètò NHIA fún òṣìṣẹ́, aláìsàn ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye oògùn. Ẹ mú owó yẹn dání, kó má di àríyànjiyàn ní ibi oògùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè ọjọ́

Kílíníìkì aládàáni àti ti ìjọ ń dá ọjọ́ lórí fóònù, àwọn mìíràn lórí WhatsApp. Ní ọsibítù ìjọba, ó sàn kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀ tàbí kí ẹ rán ẹnìkan. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kò ní láti wá torí kí wọ́n lè dá ọjọ́. Ọmọ tàbí àbúrò lè mú lẹ́tà àti káàdì lọ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ nìkan ni ẹ ń lọ gbà, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ má sì lọ ní ìdájí. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, nígbà tí èrò tó wá rí dókítà ti kúrò nídìí káàdì, lẹ máa rí ẹni tó ní sùúrù láti dá yín lóhùn. Ẹ sáà débẹ̀ kí aago méjì tó lù.

Lórí fóònù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn àìsàn. Ohun tí ẹni tó gbé fóònù nílò ni pé: ta ni, ẹ̀ka wo, tuntun àbí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń pè fún ìyá rẹ̀ lè sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi ni mo fẹ́ gba ọjọ́ fún. Dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n ti ní káàdì lọ́dọ̀ yín, nọ́mbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo ni dókítà máa jókòó?"

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dárúkọ ọjọ́, ẹ má tíì dúpẹ́ kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ béèrè:

- "Ṣé aago wà fún un, àbí ọjọ́ nìkan?" Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba, ọjọ́ ni wọ́n ń dá, wọn kì í dá aago. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi káàdì sílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ní kílíníìkì aládàáni, aago mẹ́wàá lè jẹ́ aago mẹ́wàá lóòótọ́; ẹ pẹ́ ogún ìṣẹ́jú, ipò yín ti bọ́.
- "Aago mélòó ni ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba káàdì?"
- "Eélòó ni káàdì, eélòó sì ni rírí dókítà?" Owó méjì ni, wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ ọ̀kan ṣoṣo.
- "Ṣé kí wọ́n má jẹun wá?"
- "Dókítà kan pàtó ni, àbí ẹnikẹ́ni tó bá wà?" Bí obìnrin bá fẹ́ dókítà obìnrin, ìgbà yìí ló yẹ kó sọ ọ́. Nínú yàrá, ó ti pẹ́.
- "Ta ni mo bá sọ̀rọ̀ mà?" Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi: ọkùnrin tàbí obìnrin kan lè dúró lẹ́nu géètì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kó ní òun máa bá yín fi káàdì síwájú, kí ẹ fi owó ráńṣẹ́ sí àkáǹtì òun. Ẹ má ṣe é. Owó ọsibítù ń lọ sí àkáǹtì ọsibítù, rìsíìtì rẹ̀ sì ní orúkọ ọsibítù lórí. Bí orúkọ èèyàn bá jáde lójú fóònù yín nígbà tí ẹ fẹ́ sanwó, ẹ dúró, kí ẹ padà síbi ìsanwó lọ béèrè.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní ọjọ́, ẹ̀ka, aago tí wọ́n ń gba káàdì, iye owó méjèèjì, àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: káàdì àti orúkọ

Ẹni tuntun máa ṣí káàdì kí wọ́n tó dá ọjọ́ fún un ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ sanwó, ẹ gba rìsíìtì, ẹ lọ sí rẹ́kọ́ọ̀dù, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Wọ́n máa béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ẹ̀sìn, àdírẹ́sì, ìbátan. Wọ́n máa fún yín ní nọ́mbà. Nọ́mbà yẹn ni fáìlì yín ń jẹ́ títí ayé yín níbẹ̀.

Màmá kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Rísì. Káàdì rẹ̀ ti ọdún pípẹ́ ní Risikat, NIN rẹ̀ ní Rizqat, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí káàdì, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí NIN. Tí ọmọ rẹ̀ bá débẹ̀ tó pe orúkọ tó wà lórí NIN, ẹ̀rọ tàbí ìwé àkọsílẹ̀ á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá ṣí káàdì tuntun. Ìtàn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́ wà nínú fáìlì kan, dókítà ń kọ oògùn láti inú òmíràn tó ṣófo, oògùn tó ti fún un ní wàhálà rí lè tún padà wá. Nítorí náà:

- Ẹ sọ pé ẹ ti ní káàdì rí, kódà bí ẹ bá ti sọ ọ́ nù. Ẹ fún wọn ní gbogbo orúkọ tí aláìsàn lè ti lò: ti bàbá, ti ọkọ, ti ẹ̀sìn. Ẹ fún wọn ní ọdún tí ẹ kọ́kọ́ wá, bí ẹ bá rántí.
- Bí orúkọ bá ti yí padà, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe lórí fáìlì àtijọ́. Ẹ má gbà kí wọ́n ṣí tuntun láìwá ti tẹ́lẹ̀.
- Kí ẹ tó kúrò lójú fèrèsé, ẹ ka orúkọ lórí káàdì lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹ ka nọ́mbà fóònù yín pé 11 ni.

*Àyẹ̀wò:* nọ́mbà tó wà lórí káàdì àti èyí tó wà lára fáìlì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan nínú ẹbí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ náà

Káàdì tí aláìsàn ń mú lọ sílé sábà jẹ́ páálí kékeré tí wọ́n ká sí méjì. Lójú kan ni orúkọ àti nọ́mbà wà. Nínú ni ìlà wà fún ọjọ́, ẹ̀ka àti ìbuwọ́lù. Nọ́ọ̀sì á fi bírò kọ "7/8" kíákíá, á na káàdì sí yín, á pe ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró díẹ̀.

Ṣé 7 ni àbí 1? Ṣé oṣù kẹjọ ni, àbí oṣù keje? Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni? Ẹ kà á sí wọn létí: "Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, Ọjọ́bọ̀, àbí mà?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ "Ọjọ́bọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fúnra yín. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ máa ń dà rú mọ́ra létí, pàápàá nínú ariwo.

Ẹ má gbára lé iye ọjọ́ tí wọ́n bá kà lẹ́nu. Àwọn àgbà ń ka òní mọ́ ọn tí wọ́n bá ní ìtàdógún. Ọmọ tó ń kà á láti ọ̀la á fi ọjọ́ kan pẹ́. Déètì ni kí ẹ gbà.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó kúrò: ṣé kò bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba? Ọjọ́ Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ ń yí lọ́dọọdún, ìkéde ìsinmi wọn sì lè yọ nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀. Bí ọjọ́ yín bá sún mọ́ wọn, ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀: "Bó bá bọ́ sí ìsinmi, ọjọ́ wo ni ká wá?"

*Àyẹ̀wò:* ọjọ́ wà lórí káàdì. Ó wà nínú ìwé ńlá tàbí kọ̀ǹpútà wọn. Déètì àti orúkọ ọjọ́ bára mu lórí kàlẹ́ńdà fóònù yín. Ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ kílíníìkì ẹ̀ka yín. Èyí tó wà nínú ìwé wọn ni wọ́n fi ń yọ fáìlì jáde sílẹ̀, nítorí náà káàdì ọwọ́ yín nìkan kò tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ọjọ́ tó pé

Bó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ pè. Ẹ gbọ́ ìròyìn pẹ̀lú: bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ìjọba bá wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, kílíníìkì kò ní sí, ọjọ́ yín kò sì ní yí fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun nítorí àyẹ̀wò ṣúgà, wákàtí 8 ó kéré tán ni. Bí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ láago mẹ́jọ òwúrọ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ jẹun tán kí aago méjìlá òru tó lù. Omi lásán kò bà á jẹ́. Tíì, mínírà àti bọ́ńbọ́ǹ máa ń bà á jẹ́. Ẹni tó ń gún ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó máa ṣe sí ti òwúrọ̀ yẹn, torí oògùn ṣúgà lórí ikùn òfìfo lè dá èèyàn dákú.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń dá a dúró ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, "kí dókítà lè rí bó ṣe le tó". Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Dókítà á rí i pé ó ga, á rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, á sì fi òmíràn kún un. Tí wọ́n bá wá padà sílé tí wọ́n lo gbogbo rẹ̀ pọ̀, òòyì á gbé wọn ṣubú. Ẹ lò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà bí ẹ ṣe ń lò ó, àfi bí dókítà yín fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ má lò ó.

Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ sọ sórí ìwé, èyí tó ń dà yín láàmú jù lókè.

Ìgbésẹ̀ keje: òwúrọ̀ ọjọ́ náà

Ẹ dé ṣáájú aago tí wọ́n ń gba káàdì. Ẹ fi káàdì sílẹ̀ níwájú ẹ̀ka yín, kì í ṣe níbi tí èrò pọ̀ sí jù. Ẹ béèrè pé: "Ṣé fáìlì mi ti jáde?" Bí kò bá tíì jáde, ẹ lọ sí rẹ́kọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jókòó láìbéèrè lè gbọ́ ọ láago méjìlá pé fáìlì òun kò sí lórí tábìlì dókítà láti àárọ̀.

Nọ́ọ̀sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ooru ara àti ìwọ̀n yín. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń gba sùúrù: ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ ti tọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí apá wà ní ìwọ̀n àyà. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí, ẹ má fa sìgá. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé, ẹ sọ fún wọn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀." Wọn kì í kọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ tọ̀ tàbí ra omi, ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín àti nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá pe orúkọ tí ẹ kò sí níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni fáìlì ń padà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ má kúrò láìgba ọjọ́ tó kàn

Dókítà á kọ iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa padà wá sínú fáìlì. Ìyẹn kì í ṣe ọjọ́. Ẹ gbé káàdì padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tún ìgbésẹ̀ karùn-ún ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò oògùn. Bí ìpadàbọ̀ yín bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8, tí ẹ ń lo hóró kan lójúmọ́, hóró 56 ni ẹ nílò. Bí wọ́n bá fún yín ní 30, yóò tán nínú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ ó sì máa rìn láìní oògùn fún ohun tó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí dókítà ṣì wà nítòsí, kó kọ iye tó tọ́ tàbí kó fún yín ní ìwé tí ẹ máa fi rà á. Bí àyẹ̀wò bá wà tí wọ́n fẹ́ rí nígbà tí ẹ bá padà, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí èsì rẹ̀ ń gbà, kí ẹ sì lọ sí láàbù nígbà tí àkókò ṣì tó.

*Àyẹ̀wò:* déètì tuntun wà lórí káàdì, oògùn tó dé ọjọ́ náà wà lọ́wọ́, rìsíìtì gbogbo wà nínú àpò.

Bí ọjọ́ bá kọjá, tàbí káàdì bá sọnù

Ẹ má jókòó sílé torí ìtìjú. Ẹ pè lọ́jọ́ náà gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì, ẹ béèrè ọjọ́ kílíníìkì tó kàn, ẹ sì sọ fún wọn bí oògùn yín bá ti ń tán lọ, nítorí ẹni tí oògùn rẹ̀ ti fẹ́ tán lè ráyè rí dókítà GOP kó fún un ní èyí tó máa gbé e dé ọjọ́ tuntun. Ẹni tó sọ káàdì nù, fọ́tò nọ́mbà tó wà lórí fóònù ló máa mú lọ sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n á gba owó káàdì mìíràn, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé nọ́mbà àtijọ́ ni wọ́n kọ sórí rẹ̀.